Ṣúgà Wálẹ̀, Ẹran Ara Bá A Lọ

Ìbéèrè

Ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ni mo bá wá. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì pé ẹni ọdún 63 lóṣù tó kọjá. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí dókítà ti sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ náà, kílò 78 ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó bá wa sọ̀rọ̀ fún wa ní ìwé pélébé kan, ó ní kí wọ́n sá fún gàrí, àmàlà, iyán, fùfú, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò. Ó tún ní kí a dín epo kù, kí ẹyin má sì ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀.

Ẹ mọ bí àwọn tíṣà ṣe rí: ohun tí wọ́n bá kà nínú ìwé, òfin ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi kò ti fẹnu kan ẹ̀bà mọ́. Láàárọ̀, tíì tí kò ní ṣúgà àti kukúńbà. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà ṣíbí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lálẹ́, ẹ̀fọ́ tí a fi omi lásán sè, pẹ̀lú ẹja kékeré kan. Ṣúgà wọn wálẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní kùtùkùtù, láàárín 110 sí 118 mg/dL ló máa ń wà. Dókítà yìn wọ́n.

Ṣùgbọ́n, ìyá wa, ọkọ mi ti gbẹ. Kílò 59 ni wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣòkòtò tí wọ́n rán fún ìgbéyàwó àkọ́bí wa, okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí báyìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ń wò wọ́n tàánútàánú. Etí mi yìí ló gbọ́ nígbà tí ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kògbóògùn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wá láti Ìbàdàn, ó bú sẹ́kún, ó ní mo fẹ́ febi pa àbúrò òun. Ó ra páálí mọ́ọ̀tì kan, mílíìkì alágolo àti oyin ìgò méjì, ó ní kí wọ́n máa lú u pọ̀, kí wọ́n máa mu ún. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ṣúgà wọn di 312. Wọ́n fìbínú kó èyí tó kù fún àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n padà sórí kukúńbà.

Metformin ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti glimepiride lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Wọ́n ní àárẹ̀ ni.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ohun méjì péré ló wà fún alátọ̀gbẹ ni, kó gbẹ kí ṣúgà wálẹ̀, tàbí kó sanra kí ṣúgà gòkè? Ṣé kò sí ọ̀nà kẹta?

Ìyàwó Tíṣà, Ìkìrun

Ìdáhùn

Ìyàwó Tíṣà, mo kí yín, mo sì bá yín pín nínú ìtìjú ẹnu ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà kẹta wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n kí n tó mú yín débẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, òun gan-an ló sì lé mi dìde lórí ìjókòó. Ẹ ní òógùn ń bo Tíṣà lálẹ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Àárẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣúgà wọn ló ń já wálẹ̀ kọjá ààlà.

Metformin nìkan kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ débi ewu. Glimepiride yàtọ̀. Ńṣe ló máa ń ti ara láti tú insulin jáde, yálà oúnjẹ wà nínú ikùn tàbí kò sí. Ọkùnrin kílò 78 tó ń jẹ ẹ̀bà ni dókítà kọ òògùn yẹn fún. Ọkùnrin kílò 59 tó ń jẹ kukúńbà ló ń gbé e mì báyìí. Oúnjẹ yí padà, òògùn dúró sójú kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo insulin, glimepiride, glibenclamide tàbí àwọn ẹbí wọn, tó sì fẹ́ dín oúnjẹ onísítáàṣì kù, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò kọ́kọ́ yà kó tó ya ilé ìdáná, kí wọ́n lè bá a tún òògùn rẹ̀ wọ̀n.

Bí òógùn náà bá tún dé, ẹ má kàn ní kí Tíṣà lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ gún ìka wọn, kí ẹ wo ẹ̀rọ. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 70, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi díẹ̀, kí wọ́n mu ún, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má dúró wá a. Ẹ fún wọn ní ṣúgà náà. Lóru bẹ́ẹ̀, ṣúgà ni òògùn. Bí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí tí ẹ pè wọ́n tí wọn kò dáhùn, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ẹ má dá òògùn dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀la kọjá kí dókítà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òógùn alẹ́ yìí.

Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀ gbígbẹ.

Ẹ fetí sí orúkọ tí àwọn baba wa sọ àrùn yìí: àtọ̀gbẹ. Ó ń tọ̀, ó ń gbẹ. Wọn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń gún ìka, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Wọ́n rí ẹni tó ń jẹun, tó ń mu omi bí ẹni fẹ́ gbé odò mì, tó ń tọ̀ ṣáá, tí ara rẹ̀ sì ń rù. Ohun tí wọ́n rí náà ni a ń kọ́ ní yunifásítì lónìí. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 180, kíndìnrín kò lè dì í mú tán mọ́, á máa bá ìtọ̀ lọ. Kálórì mẹ́rin ló wà nínú gíráàmù ṣúgà kan. Ẹni tó bá ń tọ gíráàmù 100 dànù lóòjọ́, kálórì 400 ló ń tọ̀ sílẹ̀, bí ẹni ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀. Insulin ló sì ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè wọ inú ẹran ara. Bí insulin bá wọ́n, ara á rò pé ìyàn ti mú, á yíjú sí ọ̀rá àti ẹran ara tirẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Gbígbẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ odindi màlúù, kò ní sanra, àfi kí ṣúgà rẹ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀. Nígbà mìíràn, insulin fúnra rẹ̀ ni yóò nílò.

Àwọn òyìnbó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ẹkún. Kí wọ́n tó rí insulin, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Frederick Allen, ń fi ebi tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ. Elizabeth Hughes, ọmọ Charles Evans Hughes tó ti ṣe gómìnà New York rí, wà lára àwọn tó tọ́jú. Ó ku díẹ̀ kí ọmọbìnrin yìí pé ọdún 15 nígbà tí wọ́n gbé e dé Toronto lóṣù kẹjọ ọdún 1922, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kílò 20 lọ. Frederick Banting bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní insulin. Oúnjẹ padà sẹ́nu, ẹran padà sára, ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, ọdún 1981 ló tó kú. N kò ní purọ́ mọ́ Allen: ebi rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọmọ náà kú kí insulin tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọ̀tọ̀ ni kí ṣúgà wálẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ara le.

Gbígbẹ kejì ni mo rò pé ó bá Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Ebi ni.

Ẹ gbé e lórí ìṣirò, Tíṣà á fẹ́ràn ìyẹn. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí kálórì 350 nínú. Ọkùnrin tó bá fi gíráàmù 150 tẹ̀bà lọ́sàn-án, tó tún tẹ irú rẹ̀ lálẹ́, ti rí kálórì tó lé ní 1,000 láti inú gàrí nìkan. Tíṣà yọ ìyẹn kúrò. Ó yẹ kí nǹkan mìíràn wá jókòó sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé pélébé yẹn tún ní kí wọ́n dín epo kù, ó ní kí wọ́n dín ẹyin kù. Kí ló kù? Kukúńbà, tí gíráàmù 100 rẹ̀ kò ní ju kálórì 15 lọ! Oúnjẹ ewúrẹ́ ni wọ́n ń fún ọkùnrin tó ti fi ọdún rẹpẹtẹ dúró níwájú pátákó. Dídín sítáàṣì kù kọ́ ni Tíṣà ń ṣe. Oúnjẹ ni wọ́n dín kù, wọ́n sì fi orúkọ àtọ̀gbẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ara tí kò bá rí kálórì tó pé, ní òru, nígbà tí ẹ bá sùn, á máa fa ẹran apá àti ẹran itan yọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má bínú sí dókítà tó yìn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣúgà ló wò. Bí gíga Tíṣà bá jẹ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 75, nǹkan bí kílò 57 ni ààlà tí wọ́n ń pè ní rírù jù, 59 kò sì tíì kọjá ààlà. Lójú ìwé, ara wọn dá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti 78 bọ́ sí 59 ti sọ ìdá kan nínú mẹ́rin ara rẹ̀ nù. Ibi tó ń lọ ló yẹ ká wò, kì í ṣe ibi tó dúró sí.

Síbẹ̀, n kò ní jẹ́ kí ebi nìkan ru ẹ̀bi kílò 19. Mo rò pé ebi ni. Èrò mi kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ní kí dókítà ṣe HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ti ṣe láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ẹni tí tàárọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115 lè wà ní 220 lẹ́yìn oúnjẹ tí kò sì mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo àyà wọn bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ràn alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ. Kí wọ́n wo tàírọ́ìdì, ẹ̀yà ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù, ara á rù láìka oúnjẹ sí. Kí wọ́n wo pancreas, ẹ̀yà inú ikùn tó ń pèsè insulin fúnra rẹ̀, pàápàá bí ikùn bá ń dun Tíṣà tàbí tí ìgbẹ́ wọn bá ń dán bí ẹni pé epo wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n bi wọ́n bóyá metformin ń pa ebi mọ́ wọn nínú, nítorí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ẹ̀jẹ̀ fún kògbóògùn náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe torí ẹnu ará ṣọ́ọ̀ṣì, bí kò ṣe pé àyẹ̀wò tí a ṣe kì í ba ni lẹ́rù bíi èyí tí a kò ṣe. Àyẹ̀wò kíndìnrín tún ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ fún ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e: bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, kì í ṣe iye ẹran àti ẹyin tó bá wu ènìyàn ló lè jẹ, dókítà ni yóò wọn ọ́n fún un.

Ká ní gbogbo rẹ̀ dá, ká wá lọ sídìí ààrò.

Ohun mẹ́ta ni oúnjẹ fi ń fún ara lágbára: sítáàṣì àti ṣúgà, pròtéènì, àti ọ̀rá. Gíráàmù kan sítáàṣì, kálórì mẹ́rin, pròtéènì, mẹ́rin, ọ̀rá, mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ dé, tó sì fẹ́ sanra, dandan ni kó ṣí méjì tó kù sílẹ̀ gbagada. Pròtéènì ló ń mọ ẹran ara, ọ̀rá ló ń kówó fún iṣẹ́ náà, ọ̀rá kì í sì í ti ṣúgà sókè bí gàrí ṣe ń ṣe. Àṣìṣe ìwé pélébé yín kò ju ìyẹn lọ: ó ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀.

Ẹ̀gúsí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò mọ oúnjẹ tí Ọlọ́run dá fún ọ̀rọ̀ yìí tó ẹ̀gúsí. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní kálórì tó lé ní 500, ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá àti pròtéènì, sítáàṣì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀fọ́ tí ẹ ń fi omi lásán sè yẹn, ẹ lọ ẹ̀gúsí sí i, kí ẹ fi epo ṣíbí ńlá kan tàbí méjì sè é, kí ẹ fi edé àti irú sí i bí ìyá yín ṣe kọ́ yín. Ẹ̀fọ́ yẹn nìkan ti di oúnjẹ gidi. Ẹ̀pà sísun náà, kálórì tó lé ní 570 ló wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀, pẹ̀lú pròtéènì bíi gíráàmù 25. Ẹ má fi kaṣú rọ́pò rẹ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe olówó. Sítáàṣì inú kaṣú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹ̀pà. Píà máa ń pọ̀ lọ́jà nígbà òjò. Ìdajì píà kan tó ṣe déédéé tó kálórì 160, ohun tó sì pọ̀ jù nínú sítáàṣì rẹ̀, okùn inú oúnjẹ ni, kì í di ṣúgà. Ẹja titus lọ́ràá, ẹ má bọ́ awọ rẹ̀ sọ nù. Ẹyin kan, kálórì 70, pròtéènì gíráàmù mẹ́fà, sítáàṣì kò tó gíráàmù kan. Àgbọn, wàrà àwọn Fúlàní, ìgbín, adìyẹ tòun tawọ rẹ̀, wàrà sóyà, gbogbo wọn ló wúlò. Pọ̀nmọ́? Ẹ máa jẹ ẹ́ torí pé ó dùn. Ẹ má kà á mọ́ ẹran.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìṣirò Tíṣà. Ẹyin méjì láàárọ̀, 140. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 50, ó lé ní 280. Ìdajì píà, 160. Epo ṣíbí ńlá kan nínú ẹ̀fọ́, 120. Titus gíráàmù 100, nǹkan bíi 200. Àpapọ̀ rẹ̀ tó kálórì 900. Sítáàṣì inú gbogbo rẹ̀ kò tó gíráàmù 20, okùn inú oúnjẹ sì kó nǹkan bí ìdajì nínú ìyẹn. Ẹ ka èyí fún Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bà tí yóò fún wọn ní kálórì 900, sítáàṣì inú rẹ̀ á lé ní gíráàmù 200.

Mo ti ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì yẹn: epo ńkọ́, ẹyin ńkọ́, ọkàn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, nítorí àrùn ọkàn kì í jìnnà sí alátọ̀gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, píà àti titus ṣáájú, tí n kò sì sọ pé kí ẹ máa da ìgò epo pupa sínú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò nísinsìnyí, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá gòkè, a óò yí ọbẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ká máa ka ẹyin mọ́ ọkùnrin tó ń fi okùn so ṣòkòtò lọ́wọ́, ọgbọ́n ibẹ̀ kò yé mi.

Mo mọ iye tí kíréètì ẹyin kan ń jẹ́ lọ́jà báyìí, mo sì mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe ń dé. Ọjọ́ tí kò bá sí titus, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, edé àti ẹ̀wà á gbé e ró. Ẹ̀wà ní sítáàṣì, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó rọra ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, pròtéènì àti okùn inú oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀. Ṣíbí mẹ́rin yẹn, ẹ jẹ́ kó di abọ́ kékeré kan tó kún, pẹ̀lú epo àti ẹja. Bí ó bá jẹ́ mọ́ínmọ́ín ni, ẹ fi ẹyin àti ẹja sí ikùn rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tó gbé ẹ̀mí méje, ta ni yóò pè é ní oúnjẹ aláìsàn?

Àwọn òǹkàwé mìíràn á ti máa retí kí n dárúkọ èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, oúnjẹ tí gbogbo ayé ń tà fún alátọ̀gbẹ. Nínú gíráàmù 100 èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, nǹkan bí 80 jẹ́ sítáàṣì. Ti èlùbọ́ iṣu náà kò jìnnà síbẹ̀. Àwọ̀ ló yàtọ̀ jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ kò burú, òkìtì rẹ̀ ni òkìtì ẹ̀bà.

Dídín kù kì í ṣe pípa rẹ́ ṣá o. Ẹgbẹ́ Diabetes UK ka ẹni tó bá jẹ sítáàṣì tí kò tó gíráàmù 130 lóòjọ́ mọ́ ẹni tó ń dín in kù. Àwọn kan lọ jìnnà ju ìyẹn. Richard Bernstein, ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí àtọ̀gbẹ tó nílò insulin mú un ní 1946. Ẹnjiníà ni kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà torí àrùn ara rẹ̀. Nǹkan bí gíráàmù 30 ló ń jẹ lóòjọ́, ó sì lo 90 ọdún láyé kó tó kú ní 2025. Bí aláìsàn rẹ̀ kan bá rù jù, kì í dá búrẹ́dì padà fún un. Pròtéènì ló máa ń fi kún un. N kò ní kí Tíṣà fi gíráàmù 30 bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti tún òògùn wọn wọ̀n, ẹ jẹ́ kí àmàlà tó mọ bí ìkúùkù wọn padà sórí tábìlì lálẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tó pọ̀ nínú abọ́, kí àmàlà gbẹ̀yìn; sítáàṣì tó bá gbẹ̀yìn oúnjẹ kì í ti ṣúgà sókè bí èyí tó ṣíwájú. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ gún ìka. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 180, àmàlà yẹn ti rí àyè. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gé e kù, kí ẹ fi ẹ̀gúsí dí àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ yín ni olùkọ́ yín báyìí, ẹ máa bi í léèrè lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ní àárọ̀ nìkan.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ fojú fo ohun tí wọ́n sọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ra mọ́ọ̀tì yẹn, gbogbo wa la bá a lẹ́nu àwọn ìyá wa pé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ṣúgà inú ìgò mọ́ọ̀tì kan lè tó ṣíbí tíì mẹ́jọ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, oyin náà kò sì yàtọ̀ sí ṣúgà lójú àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá ti lọ sí 312, ara á máa tọ̀ ọ́ jáde. Ohun tí wọ́n rà kí Tíṣà lè sanra gan-an ni yóò mú kí Tíṣà gbẹ. Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ra ẹ̀gúsí bíbó kóńgò méjì dání. Inú wọn á dùn pé ẹ gbà wọ́n láyè láti ṣe nǹkan.

Ohun kan ṣẹ́kù tí oúnjẹ kò lè dá ṣe. Bí Tíṣà bá jẹun tán tí wọ́n jókòó ti rédíò látàárọ̀ dalẹ́, ikùn ni yóò kó o pamọ́. Ẹran ara kì í wá síbi tí iṣẹ́ kò bá ti pè é. Kí wọ́n máa dìde lórí àga kí wọ́n tún jókòó láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Kí wọ́n máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan kiri àgbàlá. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ti tó. Ìrìn gígùn tí wọ́n ń rìn, bí wọ́n bá ń rìn ín, kí wọ́n dín in kù fúngbà díẹ̀. Kí wọ́n má sì rìn ín nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n, pàápàá nítorí glimepiride yẹn.

Ẹ wọn Tíṣà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí ìwọ̀n kan náà, láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀ tán. Kílò kan sí méjì lóṣù ti dára. N kò lépa 78. Bí wọ́n bá dé 66 tàbí 68 tí HbA1c wọn ṣì dúró dáadáa, ẹ pe aránṣọ kó wá dín ṣòkòtò ìgbéyàwó yẹn kù.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń kà á láti ẹ̀yìn wá: bí òògùn yín bá jẹ́ dapagliflozin tàbí empagliflozin, ẹ má dín sítáàṣì kù gidi láìsọ fún dókítà. Àwọn òògùn wọ̀nyí fúnra wọn máa ń mú kí ara tọ ṣúgà dànù. Wọ́n lè mú ènìyàn gbẹ, bí sítáàṣì bá sì tún wọ́n, ẹ̀jẹ̀ lè kan kíkan tó ń pa ènìyàn nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé ṣúgà kò ga. Aláboyún àti ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ẹ̀yin náà, ìdáhùn yìí kì í ṣe tiyín.

Ìyàwó Tíṣà, ẹ kó gbogbo òògùn wọn sínú àpò kan, kí ẹ kọ kílò 78 àti kílò 59 sórí ìwé gàdàgbà, kí ẹ kọ àwọn alẹ́ tí òógùn bò wọ́n sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú dókítà lọ́la. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ iye tí ìwọ̀n sọ.